Ọjọ́ Tí Gbogbo Agbo Ilé Tọ́ Òtútù Wò

Ọkọ̀ tí bàbá mi ń wà ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, bàbá mi á ní, "Fọlákẹ́, bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà tí wọ́n gbàgbé sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì kì í ṣí láti inú, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní láti bẹ ẹni tó wà níta. Fèrè rẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó ké. Síbẹ̀, ohun kan wà lójú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ tí kò sí nínú ọkọ̀ méjì yòókù tó wà ládùúgbò wa ní Ìrémọ: bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n ya nǹkan bí ìràwọ̀ sí lára. Bọ́tìnnì éèsì nìyẹn. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń pè é ní ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n ìyá mi bi wọ́n léèrè láti ìdí odó rẹ̀ pé èyí tó wà nínú mọ́tò ńkọ́, ilé wo ni ìyẹn fẹ́ mú tutù? Rédíò kò dá a lóhùn. Ti wa kò kúkú mú ohunkóhun tutù. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún bàbá mi ti fọwọ́ sọ̀yà pé, "Kò sí nǹkan tó ṣe é, gáàsì díẹ̀ ló kàn ń fẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ọkọ̀ àlòkù rí, ẹ mọ gbólóhùn yẹn. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, wọn ì bá ti fi í jẹ oyè nítorí ọjọ́ orí.

Agbo ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ó ti máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, nítorí ìyàwó tí wọ́n bá gbálẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò ní gbádùn ẹnu àwọn yòókù lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni okùn kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í han, tí adìẹ á máa jà sí èèpo iṣu, tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, á ṣí rédíò rẹ̀ débi pé àwọn tó ń sùn ní òdìkejì títì á mọ ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tèmi ni láti wọ́n omi sí àgbàlá wa kí ẹnikẹ́ni tó fi ìgbálẹ̀ kàn án. Nítorí Ìyá Àgbà ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni, òun sì ni ìyáalé gbogbo agbo ilé: obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àmọ́ tí èémí rẹ̀ kì í tó o lò. Eruku ló bá a ṣọ̀tá. Bí eruku bá ti wọ imú rẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á máa súfèé, á di igi àga mú, á máa wá afẹ́fẹ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. "Eruku ò mọ àgbà," lohun tó máa ń sọ tí ó bá ti mí padà. Bí mo bá wọ́n omi tán, ó máa ń pè mí síbi ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀, á yọ etí àkàrà tó gan jù lọ fún mi, á fi oríkì mi pè mí, á ní, "Àbẹ̀ní, gbà. Ẹni tó bá fún mi lémìí mí, èmi náà á fún un lóhun tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu."

Ọdún tó ṣáájú, ó bá wa lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Iléṣà. A ṣí gbogbo gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí ooru, eruku ọ̀nà sì wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ọsibítù la gbé e gbà padà sílé. Dókítà ní ooru àti eruku kò gbọ́dọ̀ jọ ká a mọ́ ibì kan mọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ dókítà bí òfin, wá pàṣẹ pé ìyá òun kò ní wọ ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ṣí mọ́ láé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sì ní éèsì, kí ló kù tó fi yàtọ̀ sí ààrò búrẹ́dì? Bí Ìyá Àgbà ṣe di ẹni tí kò lè jáde ní Ifẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ìyẹn ì bá má ti burú, bí kò bá sí ti Ìyá Ìkàrẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà kan ṣoṣo ni, àwọn méjèèjì ló kù nínú àwọn tí ìyá wọn bí. Ó ti lọ sílé ọkọ ní Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Àwọn awakọ̀ ló ń bá wọn gbé ìkíni lọ gbé ìkíni bọ̀: tẹni ìhín á fi irú wooro ránṣẹ́, tẹni ọ̀hún á fi ẹ̀pà ránṣẹ́. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, awakọ̀ kan dé láìmú ẹ̀pà kankan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kí yín o. Wọn ò lè dìde mọ́. Wọ́n ní tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́." Ìyá Àgbà bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní kí ìyá mi bu ẹ̀bà fún un. Ó dúró kí ó jẹun tán, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó wá wo bàbá mi lójú.

"Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo gbé kí n tó mọ ìrìn," ó ní. "Kí ni o ra ọkọ̀ yẹn fún?"

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

"Ṣe é kíá. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ sùúrù láti kékeré."

Ní Sábó, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò, ni ṣọ́ọ̀bù Músá wà. Àwọn onítakisí ló sọ ọ́ ní Músá Ọlọ́yẹ́, nítorí wọ́n ní ó lè fi ọyẹ́ sínú mọ́tò ní àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn. Sábó ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, èmi tí mo ń gba àmì-ẹ̀yẹ nínú rẹ̀ nílé ìwé. Ó tẹ̀ sínú iwájú ọkọ̀, ó fi ìka ti ibí, ó fi ìka ti ọ̀hún, ó wá gbé orí sókè.

"Bàbá Fọlákẹ́, ta ló sọ fún yín pé gáàsì nìkan ló ń fẹ́?"

"Ẹni tó tà á fún mi ni."

"Tí ẹ bá tún rí i, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé kọ́m̀púrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri nínú rẹ̀ ti di ọlọ. Ẹ lè fi lọ ata."

Sátidé mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi ń gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo sì ń bá a lọ, nítorí mo fẹ́ràn láti wo nǹkan tí wọ́n tú. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Músá tú dáṣíbọọ̀dù, ó bá eruku tó ki bí gaàrí níbẹ̀, àti ìdérí báírò kan, àti ẹyin ọmọọ́lé méjì. "Ayálégbé yín rèé," ó wí fún bàbá mi, "wọ́n tilẹ̀ ti bímọ láìgbàṣẹ." Ní Sátidé kejì, ó de kọ́m̀púrẹ́sọ̀ mìíràn mọ́ ọn, èyí tó rí lára ọkọ̀ kan tí wọ́n ti pa tì. Rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá ló kù. Ó ti là. Kò sí tuntun rẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì ní ó di Ìbàdàn. Bàbá mi rántí ojú ìyá rẹ̀, ó ní kò sí àyè àti máa lọ sí Ìbàdàn. Músá wá gé ibi tó là kúrò, ó fi irin kékeré so ojú méjèèjì, ó fi ìdè irin fún un pinpin. Ó fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó ní kí n po ọṣẹ nínú abọ́ kó hó dáadáa, ó sì fi ìfófòó rẹ̀ kun gbogbo oríkèé. "Ibi tó bá ti ń tú bọ́bọ́, ibẹ̀ ló ti ń jò," ó ní. "Àǹtí kékeré, ojú rẹ mọ́ ju tèmi lọ. Bá mi wò ó." Mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi jáde lójú mi. Kò tú bọ́bọ́. "Kò jò," mo kéde, bí ẹni pé èmi ni mo so ó.

Ní Sátidé kẹta ló fi gáàsì sí i. Páìpù kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, Músá sì mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé e lé e. Ó tutù bí imú ajá. Mo kígbe. Bàbá mi tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù, rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Músá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹfun, ó fà á lójú gíláàsì tó bo abẹ́rẹ́ kékeré kan níwájú awakọ̀, abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn.

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá Fọlákẹ́. Ọkọ̀ àgbà ni. Tó bá ń sáré lójú títì, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i, kò séwu. Ẹ má dá a dúró sójú oòrùn kí ẹ máa fi éèsì ṣeré. Gbogbo ooru yẹn á kó sínú rọ́bà tí mo so yìí. Abẹ́rẹ́ yìí ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹfun. Tó bá ti fẹ́ kọjá, ẹ pa éèsì ná, kí ẹ tó máa bèèrè ohun tó fà á."

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa agbo ilé wa níbí, nítorí òun ló kó bá wa, òun náà ni mo sì ń ṣàárò jù. Nǹkan tuntun kì í wọ ọ̀dọ̀ wa kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ ẹ́. Ìtọ́wò là ń pè é. Orí iṣu tuntun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, kí àgbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Nígbà tí bàbá mi ra fíríìjì, gbogbo agbo ilé tò láti orí Ìyá Àgbà títí dé orí ọmọ tó ń rá, kálukú mu omi tútù rẹ̀, ìlà náà sì yí kànga ká. Nígbà tí Bàbá Kékeré ra rédíò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló fi etí lé e lára lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ ti ń dí gbogbo wa létí láti ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ wa ṣe wọlé lọ́sàn-án Sátidé yẹn, tí bàbá mi ní ìdájí ọ̀la la ó gbéra lọ sí Ìkàrẹ́, Ìyá Àgbà ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó sì ti rán ọmọ lọ pe gbogbo ojúlé.

"Ìyá, Músá ní kí a má dá a dúró sójú oòrùn."

"Ṣé kí èmi nìkan wá jókòó sínú òtútù, kí àwọn ìyàwó tó ń gbé omi fún mi máa làágùn? Mi ò jẹ nǹkan tuntun mọ́ ọmọ mi lẹ́nu rí. N ò ní tìtorí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀."

Kò pẹ́ sí i ni ẹnì kan sáré wọlé pé wọ́n ti ń ta epo ní ilé epo kan. Ọdún tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n ni. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, tó dúró wọ bàtà, á bá àwọn èrò tó ti ń bọ̀. Láìsí epo, kò sí Ìkàrẹ́. Bàbá mi gbé kẹ́ẹ̀gì méjì. Ó gbà fún ìyá rẹ̀, ó tan éèsì, ó fi òkúta dí táyà ọkọ̀, ó ní kí Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kó máa ṣètò èrò, kí ẹnikẹ́ni má kà ju ogún lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá gbé mi sórí àga awakọ̀. "Fọlákẹ́, abẹ́rẹ́ nìkan niṣẹ́ rẹ. Tó bá ti fẹ́ kan ẹfun, tẹ bọ́tìnnì yìí, kí o sì pariwo. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, gbogbo ariwo agbo ilé dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí ènìyàn ki orí bọ inú omi. Kò kà. Ó jókòó, ó di ojú, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Àyà rẹ̀ kò súfèé. Ó mí sínú, ó mí síta, ó tún mí, bí ẹni ń jẹ nǹkan. "Àbẹ̀ní," ó ní, "mo lè dé Ìkàrẹ́." Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Àgbà ojúlé kejì, tó ní kí a má wulẹ̀ fẹ́ ẹ sí òun lójú, orúnkún ni kí a fẹ́ ẹ sí. Àwọn ìyàwó ilé wá tẹ̀ lé e ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀kan jókòó pẹ́, ó wá bú sẹ́kún ẹ̀rín. "Ṣé báyìí làwọn olówó ṣe ń gbé," ó ní, "tí wọ́n sì tún máa ń bínú?" Ìyá alákàrà jáde, ó pààrọ̀ gèlè, ó tún tò.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ yìí?" Bàbá Kékeré bi í.

"Ìkejì mi nìyẹn. Ẹ ò mọ̀ pé ìbejì ni mí?"

Gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀, èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀. Àwọn àgbà tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ ń kí mi pé mo kú iṣẹ́. Mo fi apá kan lé ìdarí ọkọ̀, mo ń dá wọn lóhùn bí ìyàwó kọmíṣọ́nà. Abẹ́rẹ́ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i. Nígbà tó ku bí ìbú èékánná kó kan ẹfun, Bọ́sẹ̀ ló kàn láti wọlé.

Bọ́sẹ̀, ọmọ òdìkejì títì, kíláàsì kan náà la jọ wà. Òun ló ń pe ọkọ̀ wa ní pósí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Mo ti ń dúró dè é láti Sátidé àkọ́kọ́. Mo ti múra ohun tí yóò wí àti ohun tí n óò fi fèsì. Bó ṣe jókòó ni abẹ́rẹ́ kan ẹfun. Bí mo bá pariwo, á sọ̀ kalẹ̀ láìtọ́ nǹkan kan wò, á sì lọ sọ pé irọ́ ni, pé gbígbóná náà ni pósí ṣì ń gbóná. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo abẹ́rẹ́. Mo tú ìborí mi, mo fi bo gíláàsì náà, bí ẹni tó kàn ń sá aṣọ. Bọ́sẹ̀ rí ìborí. Kò mọ ohun tó bò.

"Ka ogún," mo ní. "Má sáré kà á."

Ó kà á. Mo dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kò burú," ó ní.

"Kò burú kẹ̀? Tún un kà!"

Kò tíì dé ẹ̀jọ nígbà tí iwájú ọkọ̀ dún gbòó, tí nǹkan funfun sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìró bíi ti ejò. Àwọn ìyàwó fọ́nká. Bọ́sẹ̀ yí gíláàsì wálẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde. Bàbá Kékeré ṣí ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ wọlé, ó pa ẹ́ńjìnnì. Èmi, mo yọ ìborí mi, mo wé e padà sórí. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe gbọ́n tó. Nígbà tí bàbá mi fi máa dé pẹ̀lú epo, ẹ́ńjìnnì ti tutù, abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

"Fọlákẹ́, ṣé abẹ́rẹ́ kọjá ẹfun?"

"Kò kọjá, Bàbá."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Músá, ó sì dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fa rọ́bà náà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó so gan-an ló ti bẹ́. Ó yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́. Ó wá wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o, bí ẹni tí ó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́ ni. "Àǹtí kékeré, ìwọ tí o ń ṣọ́ ọ. Ṣé kò kọjá rárá?" Mo ní kò kọjá rárá. Ó mi orí. "A jẹ́ pé ọwọ́ mi ni," ó ní. Bàbá Kékeré, tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú mọ́tò, ní òun ti sọ pé kí wọ́n má gbé e lọ sí Sábó, pé àgbò ni wọ́n mọ̀ tà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Músá yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin. N óò lọ wá rọ́bà tuntun ní Ìbàdàn fúnra mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Màmá á lọ."

"Má ṣèyọnu," bàbá mi dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. "Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé sínú rẹ̀. Ká ní ojú ọ̀nà ló ti bẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í so rọ́bà bí ẹni ń di igi. Máa lọ."

Ìyá Àgbà nìkan ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tó wí fún un pé, "Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́. Mo mí dáadáa lónìí." Mo dúró lẹ́yìn ìyá àgbà yẹn, àkàrà tó máa ń fún mi kò tíì dà nínú mi, mo sì pa ẹnu mọ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì mìíràn, ẹni tó ní ahọ́n dídùn, tó ní "ọ̀la" ní gbogbo ọjọ́. Ní gbogbo ìdájí, Ìyá Àgbà á wẹ̀, á wọ aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀, á gbé àpò lé itan, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tí oòrùn bá ti dé orí òrùlé, á bọ́ aṣọ náà, á ká a sínú àpò, á ní kí n bá òun wá ẹ̀wà tí òun lè máa ṣà, kí ọwọ́ má ṣófo. A jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo la ẹnu? Ẹ̀ẹ̀melòó ló bi mí pé, "Kí ni, Àbẹ̀ní?" tí mo ní mo fẹ́ yán ni? Gbólóhùn kan péré ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á nà mí, ó dájú, ṣùgbọ́n bàbá mi á gba Sábó lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an lọ bẹ Músá. Mo ti jẹ ẹgba fún ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgba kì í pa ọmọ. Mo kàn fẹ́ máa jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ jù lọ.

Ní ọjọ́ keje, awakọ̀ àkọ́kọ́ yẹn padà wá. Kò dọ̀bálẹ̀ tán tí Ìyá Àgbà fi ní, "Dìde, mo ti gbọ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sin Ìyá Ìkàrẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ dókítà. Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀ akérò bí gbogbo ènìyàn, gíláàsì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi dí imú. Bàbá mi jókòó tì í, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ. Oṣù kan gbáko ni àyà rẹ̀ fi súfèé nígbà tó dé, gbogbo agbo ilé ń gbọ́ ọ. Mo sì ń wọ́n omi sílẹ̀ láràárọ̀, mò ń wọ́n ọn débi pé ẹrẹ̀ ń ta sí àwọn ìyàwó lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń yìn mí pé mo láàánú.

Bàbá mi kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìyá Àgbà ti ṣáájú rẹ̀ lọ tipẹ́. Èmi tí mo ń fi ẹnu yìí pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan yìí ni kò rọ̀ mí lẹ́nu rí. Ó tó ìgbà tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kí n tó tún fi ẹsẹ̀ ara mi dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò ní Sábó. Éèsì ọkọ̀ mi kò tutù mọ́, mo sì parọ́ fún ara mi pé ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Mo bá bàbá arúgbó kan tó jókòó láàárín àwọn fíríìjì tí wọ́n ti tú ìdí wọn. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ má bínú," ó ní. "Fíríìjì nìkan ni mò ń ṣe. Mi ò fọwọ́ kan éèsì mọ́tò mọ́."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ti pẹ́. Mo so rọ́bà kan fún àwọn ará Ìrémọ, ó bẹ́. Àti so rọ́bà ni mo fi ń yangàn nígbà yẹn. Mo so ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà nínú ṣọ́ọ̀bù níbí, mo gbé e sínú oòrùn, kò bẹ́. Mi ò rí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn ò bá rí ìdí àṣìṣe rẹ̀, kò yẹ kó máa ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn."

Mo kúnlẹ̀ sínú òróró tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹfun, mo sọ ti ìborí, mo sọ ti Bọ́sẹ̀. N kò fi àwàdà kankan sí i. Nígbà tí mo parí, ó wo ojú mi pẹ́, ó ń wá ọmọ kan níbẹ̀.

"Àǹtí kékeré," ó ní.

"Èmi ni, Bàbá."

"Màmá yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà bá ẹ̀gbọ́n wọn láyé?"

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lọ sọ fún un. Mo ní wọn ò bá a. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni ìròyìn dé, bí a bá kà á láti ọjọ́ tí rọ́bà bẹ́. Mo ní ọjọ́ keje. Ó na ìka méje sókè. Ó ká mẹ́rin tó tọrọ lọ́wọ́ bàbá mi wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró, ó sì ń wo mẹ́ta tó ṣẹ́kù.